Ìbéèrè àti ìdáhùn: ṣé dandan ni kí ààrẹ ní ìdá 25 ìbò Àbújá?

Ìdìbò 2027 ń bọ̀, awuyewuye 2023 sì ti tún gbérí lórí rédíò Èkó. Nínú ètò òṣèlú ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kan á ní ẹni tí kò bá rí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò Àbújá kò lè di ààrẹ. Ti ẹgbẹ́ kejì tó jókòó tì í á ní irọ́ ni. Èrò inú dánfó tó ń gbọ́ wọn láti Òṣòdì dé Ọbáléńdé á sọ̀kalẹ̀ láì mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́.

Ta ló jàre?
Ẹni tó ní kò pọn dandan. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, 2023.

Kí ló wá fa àríyànjiyàn?
Abala 134 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ni. Bí olùdíje bá ju méjì lọ, ẹni tó máa wọlé gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ "àti Àbújá". Ibi "àti" yẹn ni ìjà wà. Àwọn kan ní ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 ni, Àbújá sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí àfikún tí kò ṣeé fò. Ìbò Tinubu ní Àbújá kò tó ìdá 25, ìyẹn ni wọ́n ṣe di ọ̀rọ̀ náà mú. Ilé ẹjọ́ sọ pé Àbújá kò ní ipò àrà ọ̀tọ̀. Abala 299 ti sọ pé kí a máa lò ó bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ ni.

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí?
Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dun ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Ní 1979, ìpínlẹ̀ 19 la ní, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 12⅔. Shagari rí ìdá 25 ní ìpínlẹ̀ 12, ṣùgbọ́n ti Kano, tí ì bá jẹ́ ìkẹtàlá, kò pé ìdá 20. Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò NPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Shagari, ní kí wọ́n má fi gbogbo ìbò Kano ṣírò, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni kí wọ́n lò. Awólọ́wọ̀ pẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dá Shagari láre. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Akínjídé ń gbẹnu sọ fún. Ìdájọ́ ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí gbogbo wa tẹ̀ lé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lórí rédíò: àbá ẹgbẹ́ ni títí adájọ́ á fi sọ̀rọ̀.

Bí kò bá sí ẹni tó kájú òṣùwọ̀n ńkọ́?
Wọ́n á tún ìbò dì láàárín ọjọ́ 21, láàárín ẹni méjì péré: ẹni tó ní ìbò jù, àti ẹni tó borí ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù.

Ṣé ẹni tó bá borí ní Èkó ló kó gbogbo ìbò Èkó?
Rárá. Ní 2023, Obi ní 582,454, Tinubu ní 572,606. Àwọn méjèèjì ló rí ìdá 25 Èkó. Atiku, tó ní 75,750, kò rí i.

Kí ni kí n ṣe bí mo bá ń gbọ́ ètò?
Kọ́kọ́ mọ ẹgbẹ́ tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń ṣe. Bó bá dárúkọ òfin, pe ètò náà, kí o bi í pé: abala wo? Bó bá dárúkọ iye ìbò, bi í bóyá ti ibùdó ìdìbò kan ni àbí ti gbogbo ìpínlẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ibùdó, fọ́ọ̀mù EC8A, ìyẹn ìwé èsì ibùdó ìdìbò, ni kí o wá. Àwòrán rẹ̀ ni INEC ń gbé sórí IReV, ìkànnì wọn tí a ti ń wo èsì ìbò. Ka iye tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ, má gba ti ẹni tó kà á fún ọ.

Wọ́n ní ilé ẹjọ́ lè yọ ẹni tó wọlé lọ́la. Ṣé kí n máa bẹ̀rù?
Má bẹ̀rù. Ọjọ́ 21 ni ẹni tó pàdánù ní láti pẹjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde èsì. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 180, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 60. Ní 2023, ìbúra wáyé ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ìdájọ́ àkọ́kọ́ kò sì jáde títí di ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án.