Bí Ènìyàn Ṣe Ń Díje fún Ipò Nínú Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Ilé Ìkàwé Tó Ń Lo Koha

Ẹni tó bá fẹ́ di ipò mú láàárín àwọn ilé ìkàwé tó ń lo sọ́fítíwià Koha, èyí tí ilé ìkàwé fi ń ṣètò àkọsílẹ̀ ìwé àti ìyáwèé, ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló wà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni ipò iṣẹ́ tó jẹ mọ́ sọ́fítíwià náà gan-an: ẹni tó ń kó àtúnṣe jọ kí ẹ̀dà tuntun tó jáde, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wò, ẹni tó ń bójú tó ìwé ìtọ́nisọ́nà, ẹni tó ń darí ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń yan àwọn wọ̀nyí, nítorí pé ẹ̀dà ńlá Koha máa ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà ẹ̀dà fi máa ń rí bíi 23.11 tàbí 24.05, tí ọdún ṣíwájú, tí oṣù sì tẹ̀ lé e. Èkejì ni ìgbìmọ̀ alákòóso ẹgbẹ́ àwọn olùlò, irú èyí tí Koha-US ní ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí wọn kò dá sílẹ̀ fún èrè, tí àwọn ilé ìkàwé sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí kì í ṣe kóòdù kíkọ. Ohun ìní ẹgbẹ́ ló ń tọ́jú: owó, orúkọ, ìpàdé ọdọọdún, àti ohùn tí àwọn ilé ìkàwé fi ń sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Ìtàn Koha fúnra rẹ̀ ló fi hàn ìdí tí ìtọ́jú ohun ìní fi gba àwọn ènìyàn tí a dìbò yàn. Ní 1999, ilé ìkàwé kékeré kan ní agbègbè Horowhenua, ní New Zealand, wà nínú ìṣòro: sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń yá ènìyàn níwèé kò ní lè wọ ọdún 2000 láìdàrú, owó òmíràn sì ju agbára wọn lọ. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ Katipo, èyí tó ṣe sọ́fítíwià tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000. Wọn kò tà á. Wọ́n fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ilé ìkàwé yòówù tó bá fẹ́ lè mú un, kí ó lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Koha, jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Màórì tó túmọ̀ sí ẹ̀bùn, irú èyí tí àlejò máa ń gbé dání lọ bá onílé, tí ẹni tó gbà á sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà yóò gbé tòun wá.

Ẹ̀bùn náà tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí ẹni tí a lè tọ́ka sí pé ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn nǹkan tó yí i ká wà. Nígbà tí 2010 dé, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Koha wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, àwùjọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò sì rí i gbà. Wọ́n ní láti ṣí àdírẹ́sì mìíràn, èyí tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìròyìn tún jáde pé ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ń wá ọ̀nà láti fi orúkọ Koha ṣe àmì òwò tirẹ̀ ní New Zealand, ní ilẹ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà. Ilé ìkàwé Horowhenua, tí àwùjọ Koha ti gbà pé kí ó máa tọ́jú ohun ìní wọn, ké gbàjarè síta fún owó agbẹjọ́rò, àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sì dá owó. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé wọn kò fún ilé iṣẹ́ náà ní àmì òwò ọ̀hún. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yìí kò ní fojú kéré ipò akọ̀wé tàbí akápò mọ́, nítorí pé ìwé tí kò sí níbi tó yẹ kí ó wà, tàbí àdírẹ́sì tí a fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo rà, lè kó gbogbo ilé sínú ẹjọ́.

Ìdìbò nínú ẹgbẹ́ olùlò máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkéde. Akọ̀wé, tàbí ìgbìmọ̀ kékeré tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ètò ìbò, yóò kéde ipò tó ṣí sílẹ̀, bí sáà rẹ̀ ṣe gùn tó, àti ọjọ́ tí fífa olùdíje kalẹ̀ yóò parí. Kì í sábà jẹ́ gbogbo ipò ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń mú sáà rọra tẹ̀ léra, kí gbogbo ìgbìmọ̀ má bàa kógbá sílé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí àwọn tuntun má sì bá àga òfìfo. Ipò igbákejì alága gba àkíyèsí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n bá yàn sí i ni yóò bọ́ sípò alága nígbà tí sáà náà bá parí, láìsí ìbò mìíràn, nítorí náà ẹni tó díje fún un ti fọwọ́ sí sáà méjì.

Lẹ́yìn ìkéde ni fífa kalẹ̀. Ènìyàn lè fa ara rẹ̀ kalẹ̀, ẹlòmíràn sì lè fà á kalẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ bá ti gbà. Ẹni tí a tọ́ ní ilé Yorùbá lè rí i bí ohun tó tini lójú láti dìde sọ pé òun ló yẹ, nítorí pé ẹnu ẹlòmíràn ni a fẹ́ kí ìyìn ti wá. Kò yẹ kí ìyẹn dá ẹnikẹ́ni dúró. Fífa ara ẹni kalẹ̀ ni ọ̀nà tí àwọn púpọ̀ ń gbà wọlé sínú irú ìgbìmọ̀ báyìí, ipò sì máa ń wà tí olùdíje rẹ̀ kì í ju ẹnì kan lọ.

Kí olùdíje tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rárá, ó gbọ́dọ̀ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ipò wọ̀nyí kì í mú owó oṣù wá, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ àkókò: ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà tí a kò lè ṣàìdáhùn, ọ̀sẹ̀ ìpàdé ọdọọdún tí ènìyàn kò ní sí lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá tó bá gbà láìbéèrè iye wákàtí tí yóò jẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ bínú nígbà tí kò bá sí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ìyáwèé lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Ìwé ìyọ̀ǹda tó dára máa ń sọ ọ́ ní pàtó: wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ta ni yóò bá a di iṣẹ́ rẹ̀ mú, ta ni yóò san owó ọkọ̀ àti owó ilé ìtura. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń da olùdíje rere púpọ̀ padà, ó sì dára kí ó dá wọn padà ṣáájú ìbò ju lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí olùdíje yóò kọ nípa ara rẹ̀ kì í ju ìpínrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹni tó kọ pé òun ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, pé òun sì fẹ́ràn Koha, kò tíì sọ ohun tí olùdìbò lè dì mú. Ẹni tó kọ pé ilé ìkàwé òun kó àkọsílẹ̀ ìwé wọn láti inú sọ́fítíwià àtijọ́ wọ inú Koha, pé orúkọ àwọn òǹkọ̀wé kan bàjẹ́ lójú ọ̀nà, pé òun sì kọ bí àwọn ṣe tún un ṣe sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé e, òun ni yóò wà lọ́kàn wọn. Iṣẹ́ tí a lè rí ló ń ṣe ìpolongo níbi yìí.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ ti akọkóòdù. Nínú Koha, àtúnṣe kan kì í ti ọwọ́ ẹnì kan wọlé. Ẹni tó kọ ọ́ yóò gbé e sí Bugzilla, níbi tí wọ́n ń kó àṣìṣe àti àbá jọ sí. Ẹlòmíràn yóò dán an wò lórí Koha tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò, yóò sì fọwọ́ sí i pé ó ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò yóò tún gbé e yẹ̀ wò. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹni tó ń darí ẹ̀dà yóò tó gbà á wọlé. Òṣìṣẹ́ tábìlì ìyáwèé lè ṣe ìdánwò náà. Yóò yá ìwé kan ní orúkọ òǹkàwé àfidánwò, yóò dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ, yóò wò ó bóyá iye owó ìtanràn tó yọ lójú kọ̀ǹpútà bá ohun tí àlàyé sọ mu, yóò sì fọwọ́ sí i. Orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú ìtàn kóòdù náà. Ẹni tó ti fọwọ́ sí ogún irú rẹ̀ ti di ẹni tí àwọn olùdìbò mọ̀ kí ó tó sọ pé òun fẹ́ díje.

Bí ìbò ṣe ń lọ yàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjèèjì. Nínú ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilé ìkàwé, ìbò kan ni ilé ìkàwé kan sábà máa ń ní, ìbáà jẹ́ yunifásítì ńlá tàbí ilé ìkàwé ìgbèríko tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju méjì lọ; nítorí náà, ó yẹ kí olùdíje mọ ẹni tó ń fi ìbò náà ránṣẹ́ ní ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan. Ní ti ipò iṣẹ́, olùdíje yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé tí wọ́n ṣí fún ẹ̀dà tó ń bọ̀, pẹ̀lú ohun tó pinnu láti ṣe, wọn yóò sì dìbò nínú ìpàdé IRC, ìyẹn ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ títẹ̀. Olùdarí ìpàdé yóò pe ìbò, àwọn tó wà níbẹ̀ yóò sì tẹ +1 bí wọ́n bá gbà, -1 bí wọ́n bá kọ̀, 0 bí wọn kò bá fẹ́ gbè síbì kan. Gbangba ni, pẹ̀lú orúkọ, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lọ́la. Wákàtí ìpàdé kì í sì rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn bákan náà: nígbà tí aago mẹ́ta ọ̀sán bá lù ní àkókò àgbáyé (UTC), aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló jẹ́ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin òru ọjọ́ kejì ló jẹ́ ní New Zealand.

Ohun kan wà tí òfin ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fojú tó dáadáa. Sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ ni Koha, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ wà tí ilé ìkàwé ń sanwó fún láti máa bá wọn tọ́jú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ jù. Kò sí àǹfààní nínú lílé wọn. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń ta ìtọ́jú bá pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ nínú ìgbìmọ̀, ohùn ilé ìkàwé ti sọnù nìyẹn. Olùdíje tó mọ ojúṣe rẹ̀ yóò sọ ẹni tó ń sanwó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ tó kan ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá sì dé, yóò yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìpinnu náà.

Ní ti sọ́fítíwià tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan, iwájú ilé iṣẹ́ náà ni ìgbìmọ̀ olùlò ń jókòó sí. Àwọn ilé ìkàwé tó ń lo sọ́fítíwià ilé iṣẹ́ Ex Libris ní ẹgbẹ́ olùlò méjì, IGeLU ní àgbáyé àti ELUNA ní Àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní ètò tí ilé ìkàwé fi ń dìbò lórí àtúnṣe tí wọ́n fẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà ṣe. Ilé iṣẹ́ ProQuest ra Ex Libris ní 2015, ilé iṣẹ́ Clarivate sì ra ProQuest ní 2021. Àwọn ẹgbẹ́ olùlò ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn títà méjèèjì.

Ìpàdé àgbáyé Koha, tí ìlú tó fẹ́ gbà á lálejò náà gbọ́dọ̀ gbé àbá wá kí àwùjọ sì dìbò lé e, wá sí Ìbàdàn ní 2015, lẹ́yìn Córdoba ní Ajẹntínà, kí ó tó lọ sí Thessaloniki ní Gíríìsì. Àwọn tó gbé àbá Ìbàdàn lọ díje bí olùdíje ṣe ń díje: wọ́n sọ ibi tí ìpàdé yóò ti wáyé, bí àlejò yóò ṣe dé, àti ohun tí yóò náni.

Lẹ́yìn ìbò, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni gbígba nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ. Akápò tuntun yóò lọ yí orúkọ tó ń fọwọ́ sí ìwé báńkì padà. Akọ̀wé yóò gba ìwé òfin, àkọsílẹ̀ ìpàdé, àti ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo àkáǹtì tí ẹgbẹ́ ní, títí dé èyí tí wọ́n fi ń san owó àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún, yóò sì wò ó pé orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lórí ìwé rírà rẹ̀.