Tẹ́ ẹ bá rí 925 lára fàdákà, ẹ má tíì sanwó

Lọ́dọọdún, bí Ojúde Ọba bá ti kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ àtúnṣe máa ń ya dé ọ̀dọ̀ àwa alágbẹ̀dẹ fàdákà. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ para pọ̀ rà á dé, ara rẹ̀ á ti bó, pípọ́n idẹ á ti yọ lábẹ́, olóhun á sì máa nàka sí inú rẹ̀: "Ṣebí 925 ni wọ́n kọ síbẹ̀!" Lóòótọ́ ni, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Irin òǹtẹ̀ kékeré kan àti òòlù ló kọ ọ́. Ẹni tó bá ti ní méjèèjì lè tẹ 925 sára ọwọ́ ìlẹ̀kùn bó bá wù ú.

Nínú ìwọ̀n 1,000, 925 jẹ́ fàdákà, ìyókù sábà máa ń jẹ́ bàbà, torí fàdákà pọ́ńbélé rọ̀ jù fún ohun tí à ń wọ̀ lójoojúmọ́. 999 ni ti pọ́ńbélé. 950, 835, 830 àti 800 náà wà, fàdákà gidi ni gbogbo wọn. Ìyẹn ò le.

Lẹ́tà ló ń pa yín lówó. EPNS kì í ṣe fàdákà. Bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni wọ́n yọ́ pọ̀, tí wọ́n wá fi iná mànàmáná da fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. "Nickel silver", "German silver" àti "Alpaca" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí fàdákà nínú wọn rárá. Níkẹ́ẹ̀lì yìí náà ló sì ń mú kí etí ọ̀pọ̀ ọmọdé máa yún, kó máa ṣomi lẹ́yìn tí wọ́n bá fi yẹtí tuntun sí i, tí àwọn ìyá á máa fi àgbo wẹ̀ ẹ́. Ẹ bọ́ yẹtí náà kúrò ná.

Ohun tó ń dunni jù ni ti àwọn tó ń gbé ẹrù ìyá wọn àgbà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù nítorí pé wọn ò rí 925 lára rẹ̀. Fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kì í sábà ní nọ́ńbà. Ọdún 1999 ni nọ́ńbà tó di dandan níbẹ̀. Kìnnìún kékeré tó ń rìn, tó gbé ọwọ́ iwájú kan sókè, ni kí ẹ wá, pẹ̀lú àmì ìlú tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò: orí ẹkùn fún London, ìdákọ̀ró fún Birmingham, òdòdó rósì tàbí, lára èyí tó ti pẹ́, adé fún Sheffield. Ohun tí fàdákà rẹ̀ ò bá tó gíráàmù 7.78, òfin wọn ò fi dandan lé òǹtẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó dáadáa kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún wo ibi tí òǹtẹ̀ wà. Lára ṣéènì, ibi ìkọ́ rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń wà. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n á fi ìkọ́ fàdákà gidi sẹ́nu ṣéènì idẹ, òǹtẹ̀ náà ò sì parọ́ nípa ìkọ́.

Omi ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ wá òṣùwọ̀n onínọ́ńbà tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ẹ wọn ẹ̀gbà náà ní gbígbẹ, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé ife omi lé òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so ẹ̀gbà, ẹ rì í sínú omi pátápátá, ẹ di òwú náà mú lọ́wọ́. Ẹ̀gbà ò gbọ́dọ̀ kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Ẹ mì í díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há sí i lára lè jáde, torí afẹ́fẹ́ yẹn ló ń ba ìṣirò jẹ́ jù. Ẹ wá fi iye tí òṣùwọ̀n bá kà nínú omi pín iye gbígbẹ. Ẹ̀gbà gíráàmù 42 tó jẹ́ 925 á ka nǹkan bíi 4.05, ìdáhùn á sì jẹ́ 10.3 tàbí 10.4. Bó bá jẹ́ idẹ, á ka nǹkan bíi 4.9, ìdáhùn á sì jẹ́ nǹkan bíi 8.5 tàbí 8.6. Bó bá lé ní 11, ẹ fura sí òjé. Èyí tó ní ihò nínú tàbí tó ní òkúta lára á ṣì yín lọ́nà. Ọgbọ́n yìí ò sì lè ya 925 sọ́tọ̀ kúrò lára 800 dáadáa, àmọ́ á yà á kúrò lára idẹ.

Òòfà tí àwọn kan ń gbé kiri láti fi dán fàdákà wò, irin ló sábà máa ń mú. Kò ní fa idẹ, kò ní fa bàbà, kò ní fa òjé.

Ẹ jọ̀ọ́, òrùka tó dúdú kò sọ pé ayé ń bá yín jà, kò sì fi májèlé hàn nínú ọbẹ̀. Àwọn kan tó ń ta "òrùka aládùúrà" fún àwọn ọkùnrin Mùsùlùmí tí kì í wọ wúrà máa ń tan èyí kálẹ̀, kí wọ́n lè ta òmíràn fún wọn. Imí ọjọ́ tó wà nínú òógùn, ẹyin, àlùbọ́sà àti rọ́bà ló ń sọ fàdákà di dúdú. Èyí tí kò dúdú rárá náà ò fi hàn pé òun dára jù: wọ́n ti fi ródíọ́ọ̀mù, irin iyebíye funfun tí kì í dúdú, bo púpọ̀ nínú tuntun.

Ásíìdì ńkọ́? Àwọn kan ń kán an sójú ẹ̀gbà lọ́jà, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní fàdákà ni. Èyí tí wọ́n da fàdákà bò náà á pọ́n bẹ́ẹ̀. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi ayùn pẹlẹbẹ ha ibi tó fara sin títí yóò fi kọjá ìbòrí náà, kí wọ́n tó kán an sínú ihò yẹn. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ nílé. Nítíríìkì ásíìdì wà nínú rẹ̀, èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bó bá ta sí yín lára tàbí lójú, ẹ má fi epo pupa tàbí wàrà pa á. Omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn.