AI Ti Ń Ṣọ́ Igbó, Ta Ló Tún Máa Gé E?

Ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé bí sátẹ́láìtì bá ti ń ya àwòrán igbó, tí AI sì ń yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀sán-tòru, àwọn tó ń gé igi lọ́nà àìtọ́ ti wọ gàù nìyẹn. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú igbó Amazon ní Bràsíl kò jẹ́ kí n gbà á gbọ́.

Lọ́dún 2004, INPE, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí òfúrufú níbẹ̀, gbé ètò DETER kalẹ̀. Bí sátẹ́láìtì bá rí ibi tí wọ́n ti ń pa igbó run, ìròyìn á dé ọ̀dọ̀ IBAMA, àwọn tó ń fi òfin dáàbò bo àyíká. Àwọn yẹn á gbéra lọ síbẹ̀, wọ́n á bu owó ìtanràn, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀rọ. Igbó tó ṣòfò lọ́dún 2004 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,800 kìlómítà onígun mẹ́rin. Nígbà tó fi máa di 2012, kò ju nǹkan bí 4,600 lọ.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní sátẹ́láìtì ló ṣe é. Àmọ́ lọ́dún 2021, ó tún ti ru sókè dé nǹkan bí 13,000. Ojú sátẹ́láìtì kò fọ́ o. Kódà lọ́dún 2019, Ricardo Galvão tó jẹ́ ọ̀gá INPE pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ torí pé ó dúró lórí ohun tí sátẹ́láìtì rí, nígbà tí Ààrẹ Bolsonaro ní irọ́ ni. Ọwọ́ tó yẹ kó mú àwọn apagbó ni ìjọba ká kò. Ìgbà tí ìjọba mìíràn dé lọ́dún 2023, tó tún rán IBAMA wọ igbó, ni iye náà bọ́ sílẹ̀, tó fi di nǹkan bí 6,300 lọ́dún 2024.

Ká sòótọ́, èèyàn ló ń fojú yẹ àwòrán DETER wò níbẹ̀rẹ̀. AI lè mú kí iṣẹ́ yẹn yá gan-an, mi ò fojú kéré ìyẹn rárá. Àmọ́ bí ìkùukùu bá bo igbó, kámẹ́rà ò ní rí nǹkan kan tí AI máa yẹ̀ wò, àfi kí wọ́n lo rédà, ẹ̀rọ tó ń ríran gba inú ìkùukùu kọjá. AI fúnra rẹ̀ sì ń jẹ iná: lọ́dún 2024, àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń gbé AI àti íntánẹ́ẹ̀tì ró lo nǹkan bí 1.5% iná mànàmáná gbogbo ayé.

Ní ìpínlẹ̀ Pará ní Bràsíl, wọ́n so fóònù àlòkù mọ́ orí igi lórí ilẹ̀ àwọn Tembé, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan níbẹ̀. Oòrùn ló ń fún un níná. AI á dá ìró ẹ̀rọ ìgégi mọ̀ láàárín ariwo ẹyẹ àti òjò, á sì ránṣẹ́ sáwọn ẹ̀ṣọ́. Ọmọ Tembé ni àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Àwọn ló máa fẹsẹ̀ rìn wọ igbó lọ bá àwọn agégi, tó ṣeé ṣe kí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn.