Àyẹ̀wò ohun tó ń dún lára mọ́tò

Àyẹ̀wò ohun tó ń dún lára mọ́tò ni kéèyàn fi etí àti ọwọ́ wá ibi tí ariwo tí kò sí tẹ́lẹ̀ ti ń jáde kó tó tú nǹkankan. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà ló ti ń bẹ̀rẹ̀ torí òun ló mọ ìgbà tó ń dún, ìgbà yẹn sì ṣe pàtàkì ju bó ṣe ń dún lọ. Ṣé tó bá tẹ bírékì ni àbí tó bá yí síárìn, ṣé àárọ̀ tí ẹ́ńjìn ṣì tutù ni àbí ìgbà tó bá ti ń sáré? Mẹkáníìkì tí ò bá bèèrè, tó kàn ní kí wọ́n lọ ra páàtì wá ní Ládípọ̀ ní Mushin, ó kàn ń méfò ni, owó olówó ló sì ń ná.

Ti bírékì ló rọrùn jù. Tó bá ń han "fíín", irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà lára páàdì lè ti kan dísìkì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é síbẹ̀ ni kó lè pariwo tí páàdì bá ti fẹ́ tán. Tó bá wá di "gàràgàrà", irin ti ń lọ irin nìyẹn, kí wọ́n má gbé mọ́tò náà jáde rárá.

"Kẹ́kẹ́kẹ́" nígbà tí wọ́n bá ń kọ́nà, CV joint, ìyẹn oríkèé tó ń gbé agbára ẹ́ńjìn dé wíìlì, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Rọ́bà tó bò ó ló máa ń ya, gírísì á dà nù, iyanrìn àti omi á wọlé, bẹ́ẹ̀ omi kì í pẹ́ kún títì l'Ékòó tójò bá rọ̀.

Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, dáa fún kéèyàn dẹtí sílẹ̀ nígbà tí gósìló ò bá sí. "Gbì" tí taya ń dún níbi tí afárá ti so pọ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀, àmọ́ tí "kọ̀" kékeré míì bá tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kí línkéèjì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bọ́ṣìn, àwọn páàtì kéékèèké tó wà nídìí wíìlì, ti jẹ. Línkéèjì kì í sábà wọ́n tó ṣọ́kù, torí náà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó dárúkọ ṣọ́kù. Tó bá jẹ́ "hùùù" tó ń ròkè bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, tí yíyọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù ò sì pa á, bíárìn tí wíìlì ń yí lórí rẹ̀ ni tàbí taya tí kò jẹ lọ́gbọọgba. Kí wọ́n pààrọ̀ ipò taya ná, tí ariwo ò bá kúrò níbẹ̀, kí wọ́n fi jáàkì gbé e, kí wọ́n fọwọ́ yí wíìlì náà, kí wọ́n gbé ọwọ́ kejì lé orí sípíríǹgì, bíárìn tó ti bàjẹ́ á máa gbọ̀n rìrì lọ́wọ́ wọn.

Nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, "kíún" àárọ̀ sábà máa ń jẹ́ ti fánbẹ́líìtì. Tí wọ́n bá wọ́n omi díẹ̀ sí i tí ohùn rẹ̀ yí padà, òun náà ni. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì máa ń fi ẹnu skúdíráífà gígùn kan ara ọ́tánétọ̀ tó ń gba iná sí bátìrì, wọ́n á gbé ìdí ẹ̀ sétí, ohun tó ń lọ nínú irin á hàn ketekete.

Èyí tí ò ṣeé fi falẹ̀ ni "kọ̀kọ̀kọ̀" tó wúwo, tó ń yára bí wọ́n ṣe ń tẹ tọ́tù. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fa géèjì ọ́ìlì wò, tí ọ́ìlì bá sì pé síbẹ̀, kí wọ́n má tún sítáàtì ẹ̀ mọ́, okùn ni kí wọ́n fi fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.