Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Ka Iye Ìgbà Tí Bàálù Fò

Bí bàálù bá já lọ́dọ̀ wa, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn ni pé: "Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń lò ó?" Àwọn tó ń tún bàálù ṣe ní ìbéèrè mìíràn. Wọ́n á ṣí ìwé rẹ̀, wọ́n á wo iye ìgbà tó ti gbéra tó sì ti balẹ̀. Inú táńkì omi kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣirò yìí ti fìdí múlẹ̀, lẹ́yìn tí òkun ti gbé èèyàn 56 lọ.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1952, bàálù Comet tí ilé-iṣẹ́ de Havilland ṣe gbé èrò láti London lọ sí Johannesburg. Òun ni jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó ń gbé èrò. Òkè téńté ló ń fò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn ò lè mí, nítorí náà wọ́n ń fún atẹ́gùn sínú rẹ̀ bí ẹni fún bọ́ọ̀lù. Tó bá gòkè, ara rẹ̀ á wú díẹ̀. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á rọ̀ padà.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní ọdún 1954, Comet yẹn gan-an tó lọ sí Johannesburg, tí nọ́ńbà ara rẹ̀ jẹ́ G-ALYP, gbéra ní Rome, ó sì fọ́ sójú òfuurufú nítòsí erékùṣù Elba. Èèyàn 35 ló kú, àwọn apẹja ló sì ń fa òkú jáde nínú omi. Wọ́n dá gbogbo Comet dúró, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n tún oríṣiríṣi nǹkan ṣe lára wọn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Nígbà tó di oṣù Kẹta, wọ́n ní kí wọ́n máa fò. Kò ju ọjọ́ 16 lọ, òmíràn, G-ALYY, tún já sínú òkun nítòsí Naples. Èèyàn 21 ló kú.

Ìgbà yẹn ni Arnold Hall, ọ̀gá ilé ìwádìí bàálù ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Farnborough, àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbé odindi Comet kan, G-ALYU, sínú táńkì ńlá, tí ìyẹ́ rẹ̀ yọ síta lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n rọ omi yí i ká, wọ́n rọ omi sínú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi lo omi ni pé tó bá jẹ́ atẹ́gùn ni, ọjọ́ tí ara bàálù bá bẹ́, á bẹ́ bíi bọ́ǹbù, kò ní ku ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò. Wọ́n ń fi omi tì í láti inú, wọ́n ń dẹ̀ ẹ́, tọ̀sántòru, ẹ̀rọ sì ń mi ìyẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó wà lójú ọ̀run. Bàálù yìí ti fò ní ìgbà 1,221 kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀. Nígbà tí àpapọ̀ ìfò tòótọ́ àti ti inú táńkì di 3,057, ara rẹ̀ ya. Igun fèrèsé kan ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìdérí agolo mílíìkì tí wọ́n fi ọ̀bẹ ṣí. Ọmọdé tó fẹ́ yọ ọ́ kì í fà á, ńṣe ló máa ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn títí á fi já. Kò sí èyí tó lágbára tó láti já a nínú gbogbo ìtẹ̀ yẹn. Ó kàn rẹ irin ni.

Wọ́n wá ka ti àwọn tó kú: G-ALYP ti fò ní ìgbà 1,290, G-ALYY ní 900. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé de Havilland ti dán irin yìí wò ṣáájú, ó sì fara da títì bí ìgbà 18,000. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́kọ́ fi agbára tó tó ìlọ́po méjì ti ojú ọ̀run tì í, ìyẹn sì mú kí etí àwọn ihò ara rẹ̀ le sí i. Ìdánwò fúnra rẹ̀ ló fún irin lágbára tí àwọn bàálù tó ń gbé èrò kò ní. (Àwọn tó ń sọ pé fèrèsé onígun tí èrò ń yọjú ló pa Comet, kí wọ́n rọra. Igun ihò kan lórí òrùlé, níbi tí wọ́n gbé èròjà rédíò sí, ni ti G-ALYP ti ṣẹ̀.)

Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń ṣe bàálù gbà pé bí irin kan bá já, kí èkejì gbé ẹrù náà. Ó dára, bí ẹnì kan bá tètè rí i pé èyí àkọ́kọ́ ti já. Ní Lusaka lọ́dún 1977, Boeing 707 akẹ́rù kan pàdánù ìyẹ́ ìrù rẹ̀ kan nígbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀, nítorí irin kan ti sán níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i.

Ti Hawaii ló wá là wá lójú. Boeing 737 ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Aloha ń fò láti erékùṣù kan sí èkejì, ìrìn tí kò pẹ́ rárá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1988, òrùlé rẹ̀ ṣí kúrò lójú ọ̀run, ó sì gbé òṣìṣẹ́ kan tó ń tọ́jú èrò lọ. Èèyàn 94 tó kù balẹ̀ láàyè ní Maui. Ẹ wo ìwé rẹ̀: wákàtí 35,496 ló ti fò, àwọn tó ṣe é sì retí 51,000. Tí a bá fi wákàtí kà á, ó ṣì kù. Ṣùgbọ́n ó ti gbéra ní ìgbà 89,680, nígbà tó jẹ́ pé 75,000 ni wọ́n retí. Obìnrin kan tó ń wọ bàálù náà rí ibi tó sán nítòsí ẹnu ọ̀nà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń yẹ bàálù Aloha wò kì í ṣe ọ̀lẹ. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, lórí àgà, pẹ̀lú okùn àti tọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń wo nǹkan bí 1,300 rivet (ìṣó tó so páànù ara bàálù pọ̀) lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú wo ni kò ní ṣú?

Òfin Amẹ́ríkà lórí bàálù tó ń dàgbà jáde ní 1991. Ní 2010, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù ńlá sọ iye ìfò tàbí wákàtí tí irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Oṣù Kẹrin ọdún 2011, òrùlé 737 kan ti ilé-iṣẹ́ Southwest ní Amẹ́ríkà tún ya lójú ọ̀run, ó di dandan kó balẹ̀ ní ìlú Yuma. Kò tíì pé 40,000 ìfò. Nígbà tí wọ́n ṣí ibẹ̀ wò, àwọn ihò rivet tó wà lára páànù òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò ṣe déédéé: ọwọ́ àwọn tó kàn án ló ti bà jẹ́, kó tó fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.