Kí ló pa kíndìnrín, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀? Ọ̀rọ̀ risáàṣì àjọṣe

Àbúrò mi kan tó ń ka kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìlọrin ló bi mí, ó ní ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń náwó sí risáàṣì àjọṣe àti tírénìn lórí kíndìnrín, ọ̀nà ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀, ṣé àìsàn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni?

Rárá o, àmọ́ ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa bí ìyá ológì ṣe ń sẹ́ ògì, ohun tó ń gba inú asẹ́ yẹn kọjá lójúmọ́ tó 180 lítà, ó wá ń dá ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀ padà sára, bíi lítà kan sí méjì péré la ń tọ̀. Kíndìnrín yìí náà ló tún ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú eegun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun (erythropoietin lorúkọ ìránṣẹ́ náà), ìdí nìyẹn tí ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀ kì í fi í lẹ́jẹ̀ lára tó. Ẹ wo àwọn bàbá tí prostate wọn (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká) wú, ìtọ̀ ò rọ́nà jáde, á wọ́ padà sẹ́yìn, á ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó bá sì jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé yẹn máa ń ba kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó tún lè mú nǹkan ọmọkùnrin le gbagidi fún ọ̀pọ̀ wákàtí (ẹ má rẹ́rìn-ín, ìrora ńlá ni, ọsibítù ló kàn). Aláìsàn kan ṣoṣo nìyẹn, dókítà mẹ́ta ló nílò. Abájọ tí NIDDK, ilé ìwádìí àìsàn kíndìnrín àti àtọ̀gbẹ tó jẹ́ ara NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, fi kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ ẹ̀ka kan.

Risáàṣì àjọṣe wá ni pé kí àwọn tí ìmọ̀ wọn yàtọ̀ jọ dojú kọ ìbéèrè kan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti APOL1, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn jíìnì, ohun tí à ń jogún lára òbí wa. Wọ́n ń bèèrè pé kí ló dé tí kíndìnrín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi ń bàjẹ́ ju ti àwọn tó kù lọ. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ kíndìnrín ní Boston àti àwọn tó ń ṣèwádìí kòkòrò àìsàn oorun ní Brussels, ìyẹn kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, jọ rí i pé àyípadà kan nínú jíìnì yẹn ló ń pa kòkòrò náà, òun náà ló sì ń dá kíndìnrín láàmú. Ó pọ̀ lára àwa Yorùbá gan-an! Dókítà kíndìnrín nìkan ì bá rò ó títí, kò ní rò ó dé ọ̀dọ̀ eṣinṣin. Nígbà tó di 2024, ìwádìí tí wọ́n fi èèyàn tó lé ní 8,000 ṣe ní Gánà àti Nàìjíríà tún fi hàn pé ẹ̀dà àyípadà náà kan ṣoṣo tó láti mú kí ewu àìsàn kíndìnrín pọ̀ sí i, tẹ́lẹ̀ wọ́n gbà pé àfi kéèyàn jogún ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá.

Tírénìn ibẹ̀ dà bí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ òfì lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹ́ta, ẹnì kan ń kọ́ ọ ní jíìnì, ẹnì kan ní ìṣirò, ẹnì kan ń mú un lọ wo aláìsàn ní wọ́ọ̀dù. Lọ́dọ̀ tiwa ńbí, ọ̀gá kan lọmọ máa ń mọ̀, òmíì ò tiẹ̀ ní fẹ́ kó yọjú sí ọ̀gá kejì, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá.

Àbúrò mi ní ṣé dandan ni kéèyàn jẹ́ dókítà kó tó wọ̀ ọ́. Mo ní ta ló fẹ́ bá wọn ka jíìnì èèyàn 8,000, ṣé ọwọ́ ni wọ́n á fi kà á ni? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kọ APOL1 yẹn sílẹ̀.