Ilé Àgùdà l'Ékòó: bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, àti ibi tí wíwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n bá wó ilé Àgùdà kan l'Ékòó la máa ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí ilé ọ̀hún ti ń kú lọ lójú gbogbo wa.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, àti ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ló kọ́ àwọn ilé náà nígbà tí wọ́n padà wálé; àwọn là ń pè ní Àgùdà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dì ní Bahia lọ́dún 1835, ìjọba ibẹ̀ le mọ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì lé àwọn kan jáde. Àwọn tó ti ra ara wọn padà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ bọ̀ wálé. Àwọn kan sọ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Àwọn tó sọ̀ l'Ékòó tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, níbi tí Campos Square àti òpópónà Bámgbóṣé wà. Bíríkìlà àti káfíńtà wà nínú wọn dáadáa, ọgbọ́n tí wọ́n kó bọ̀ ni wọ́n sì fi kọ́lé: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, òdòdó tí wọ́n fọwọ́ mọ sára ògiri, ọ̀dà mèremère. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú ọ̀gá iṣẹ́ náà, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Sàró, ìyẹn ẹni tó ti Sierra Leone bọ̀, ni Shitta-Bey. Àgùdà kọ́ mọ́ṣáláṣí fún Sàró! Èkó ayé ijọ́un dùn ún gbọ́.

Ogún ni ìṣòro ti wọlé. Bí bàbá tó kọ́lé bá kú, ilé ẹbí ló dà. Ọmọ bímọ, ọmọ-ọmọ bímọ, yàrá kọ̀ọ̀kan ló kan kálukú, àwọn mìíràn fi tiwọn gbowó ilé. Kò sẹ́ni tó lè dá a tà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dá náwó sórí òrùlé tó bo gbogbo ẹbí. Páànù á dípẹtà, á lu. Òjò á máa gba ojú ihò yẹn sọ̀ sórí ògiri. Amọ̀ ni ògiri púpọ̀ nínú wọn, rírẹ́ tí wọ́n rẹ́ ẹ lóde ló ń gbà á lọ́wọ́ òjò. Tómi bá ti òkè wọlé, rírẹ́ náà á wú, á bó, òdòdó ara ògiri á bá a já bọ́. Lẹ́yìn náà ni orí ìtì igi tó gbé àjà, níbi tó ti wọnú ògiri, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń fi lẹ̀ ẹ́ kò ràn án lọ́wọ́, torí ó ń sé omi mọ́nú amọ̀. Nígbà yẹn, ilẹ̀ abẹ́ ilé ti wọ́n ju ilé lọ.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ṣì dúró. Jàmáà ń kírun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Òrùlé ò lè máa jò kí wọ́n má rí i.

Èyí tó dùn mí jù nínú àwọn ilé Àgùdà tí wọ́n wó ni ilé Ìlójò, ní Tinúbú l'Ékòó. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, wọ́n ń ta ọtí àti oúnjẹ níbẹ̀. Ìdílé Ọláìyá rà á lọ́dún 1933. Lọ́dún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ pé ó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Lọ́jọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, tí Iléyá ku ọ̀la, wọ́n wó o palẹ̀. Ẹbí ni wọ́n dá lẹ́bi jù. Èmi ò ní dá wọn lẹ́bi nìkan: ẹni tó ní kí wọ́n má wó o, ó yẹ kó bá wọn gbé owó àtúnṣe. Ní 1956 gan-an ló yẹ kí ẹnì kan ti gun òkè rẹ̀ lọ wo páànù.